Odó Kò Dún, Iyán Dé

Bí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́ báyìí, ẹ gbé abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo fẹ́ sọ, kò sì ní dùn lẹ́nu.

Obìnrin tó ni ìtàn yìí wá bá mi fúnra rẹ̀. Ó jókòó, ó mu omi, ó ní, "Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Ẹ má bá mi fi oyin sí i o." Mo ní ṣé kí n yí orúkọ padà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí àwọn ọmọ. Fọlákẹ́mi ni màá máa pè é. Ní ti oyin, kò sí lọ́wọ́ mi.

Àkúrẹ́ ni òun àti ọkọ rẹ̀, Akínlolú, ń gbé nígbà náà, lágbègbè Ìjọ̀kà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ọkọ, ìyàwó ń tẹ̀wé fún lọ́yà kan. Nígbà tó yá, owó oṣù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Oṣù yìí á wọlé ní ìdajì, oṣù tó tẹ̀ lé e á di àwátì. Ẹ̀yin náà mọ àwọn ọdún tí mò ń wí, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n rán yín létí ìyà. Lọ́yà ti ọ́fíìsì rẹ̀ pa. Lándílọ́ọ̀dù ní ìyẹn ò kan òun.

Ni tọkọtaya bá kó ọmọ àti ẹrù lọ sí ìlú Oǹdó, sí ilé bàbá ọkọ ní Odòjọmú. Yàrá wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Akínbọ̀wálé, àbúrò Akínlolú, ti ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú Bísọ́dún ìyàwó rẹ̀. Akínlolú á gba Àkúrẹ́ lọ lọ́jọ́ Ajé, á padà dé lọ́jọ́ Ẹtì.

Fọlákẹ́mi kì í ṣe ẹni tó lè fọwọ́ lẹ́rán. Ohun tó sì mọ̀ ọ́n ṣe jù láyé ni iyán. Ìta-Ògbólú ni ìyá rẹ̀ ti wá, ìyá náà sì ti kọ́ ọ débi pé bí kókó kan bá wà nínú iyán, á gbé odindi rẹ̀ padà sínú odó. Ó ronú sí i dáadáa. Èèyàn á gún iyán nílé, á wé e sínú ewé eéran, á kó o sínú kúlà, á sì gbé e lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ bánkì, àwọn oníṣọ́ọ̀bù àti àwọn mẹkáníìkì tí kì í ráyè kúrò nídìí iṣẹ́ lọ́sàn-án. Kò ní san owó ṣọ́ọ̀bù, kò ní kọ pátákó. Odó wà lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀yìnkùlé náà ni ilé iṣẹ́.

Mo ní, "Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi sọ ọ́ fún ẹlòmíràn?"

Ó wò mí bí ẹni pé n kò gbọ́n. "Ìyàwó ilé ni. Bí n ò bá sọ fún un, ta ni ǹ bá sọ fún?"

Ẹ̀gúsí ni wọ́n jọ ń bó lọ́jọ́ tó sọ ọ́ fún Bísọ́dún. Kò tíì sọ ọ́ tán tí ìyẹn fi fò dìde, tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

"Àǹtí! Orí yín yìí pé! Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é. Ẹ̀yin ẹ máa gún, èmi á máa gbé e kiri. Ẹsẹ̀ mi yá, ẹnu mi sì mú."

"Ẹnu rẹ mú lóòótọ́," ni Fọlákẹ́mi wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó sọ irú iṣu tó ń fà àti irú èyí tó ń fọ́. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń wé iyán tí kò fi ní làágùn nínú ewé. Ó mú Bísọ́dún dání lọ bá ọ̀gá kan ní bánkì, Ọ̀gbẹ́ni Fọlárìn, ẹni tó ṣèlérí pé gbogbo ọ́fíìsì òun ló máa rà. Ó fi í han àwọn mẹkáníìkì ní Yaba, nínú Oǹdó níbẹ̀. Ìgbà tó parí èyí ló lọ sí Ìta-Ògbólú láti bá àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ sọ̀rọ̀ iṣu. Ó lò tó ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀, torí àgbẹ̀ kì í yára fọwọ́ sí nǹkan.

Ọjọ́ tó dé, láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń gbọ́ odó. Gbì! Gbì! Gbì! Inú rẹ̀ dùn. Ó rò pé ìyàwó ń fi ọwọ́ kọ́ ọ dè òun ni.

Ó dé ẹ̀yìnkùlé, ó bá kúlà tuntun lórí tábìlì. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ orúkọ sí i lára: IYÁN BÍSỌ́DÚN.

"Ìyàwó, kí lèyí?"

"Ẹ káàbọ̀, Àǹtí. Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ o."

"Iṣẹ́ wa?"

Bísọ́dún kò gbójú sókè. "Ẹ má bínú, Àǹtí. Ọkọ mi ló ní àjọṣe máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹbí. Ó ní kí kálukú máa ṣe tirẹ̀."

"Tìrẹ? Èwo ni tìrẹ níbẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà ẹ máa gún tiyín. Oǹdó tóbi."

Fọlákẹ́mi gbé àpò iṣu sílẹ̀, ó wọlé lọ.

Ẹ dúró, ẹ kò tíì gbọ́ nǹkan. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Fọlárìn ní bánkì. Ọkùnrin yìí rí i, ojú rẹ̀ kún fún àánú.

"Háà, màdáámù, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Báwo ni apá yẹn?"

"Apá wo?"

"Ìyàwó yín ti ṣàlàyé. Ó ní àìsàn apá ò jẹ́ kẹ́ ẹ lè gún iyán mọ́, pé òun lẹ gbé iṣẹ́ náà fún. Ẹ mà ṣeun o. Irú yín ò pọ̀."

Apá! Apá tó fi gbé iṣu wọ mọ́tò láti Ìta-Ògbólú! Fọlákẹ́mi jáde ní bánkì. Ìgbà tó dé abẹ́ igi kan lójú títì, ó na apá méjèèjì síwájú, ó wò wọ́n, ó ní, "Bísọ́dún, ojú rẹ máa rí nǹkan. Bí mo bá jẹ́ ọmọ ìyá mi, ojú rẹ máa rí nǹkan."

Ó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ṣá. Kí ló fẹ́ ṣe? Àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ jẹun, iléèwé wọn ò sì gbọ́ àwáwí. Odó méjì wá ń dún lẹ́yìnkùlé kan náà. Ṣùgbọ́n iyán Bísọ́dún á ti jáde kí tirẹ̀ tó jinná, ó sì dín owó ju tirẹ̀ lọ. Fọlákẹ́mi á gún títí àtẹ́lẹwọ́ á fi bó, á tà díẹ̀, á gbé ìyókù padà wálé fún àwọn ọmọ. Iṣu ń wọ́n sí i lójoojúmọ́. Ó bi ara rẹ̀ pé ibo ni obìnrin yìí ti ń rí iṣu rà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló rí ìdáhùn. Ó gbàgbé ọ̀bẹ rẹ̀ sẹ́yìn ilé ìdáná, ó gba ibi tí kì í gbà lọ mú un. Ó yọjú lójú fèrèsé. Bísọ́dún ń ro póńdò, ìyẹ̀fun iyán inú páálí, nínú ìkòkò. Ó rò ó tán, ó wé e, ó kó o sínú kúlà, ó dé e. Lẹ́yìn náà ló jáde síta, ó da èèpo gbàgùdá tí wọ́n fi ń bọ́ ewúrẹ́ sínú odó tirẹ̀ ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná, ó káṣọ mọ́dìí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún un tagbáratagbára.

Ẹnìkan pè láti ẹ̀yìn ọgbà. "Ìyá Ìbùkún, ṣé ó ti ṣetán?"

"Ó kù díẹ̀! Ṣé ẹ ò gbọ́ odó ni?" ni Bísọ́dún dáhùn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gba tiyín. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìró odó ní Oǹdó, ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ pé iyán lòun máa jẹ. Ta ló tún ń yẹ̀ ẹ́ wò? Etí ti jẹ́rìí, ọ̀nà ọ̀fun ti ṣí. Bísọ́dún mọ èyí, ohun tó sì ń tà gan-an nìyẹn.

Akínlolú dé lọ́jọ́ Ẹtì, ìyàwó rẹ̀ ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Fi í sílẹ̀," ni ọkọ wí. "Póńdò kì í ṣe májèlé."

"Bàbá Ànú, irọ́ ló fi ń gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ yín!"

"Mo gbọ́. Bí o bá pariwo, wọ́n á ní owú ló ń jẹ ọ́. Ta ló máa gbà ọ́ gbọ́?"

Òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́. Nítorí náà ó dákẹ́. Àmọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ tó wà níbẹ̀ ò dára. Gbogbo ìgbà tí odó yẹn bá ti dún gbì, àyà rẹ̀ náà á dún gbì. Á máa kí Bísọ́dún láàárọ̀, á máa fi ojú inú wò ó lórí ìkúnlẹ̀, níwájú gbogbo ayé, tí imú ń dà. Ó ní ìran yìí ló ń mú òun dìde lórí ibùsùn. Mi ò fẹ́ parọ́ fún yín, ẹ̀rù bà mí bó ṣe ń sọ ọ́.

Ìgbà tó yá ni Bàbá Akíntóyè kú. Òun ló dàgbà jù nínú ilé náà, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ wọn ni. Wọ́n fi ìsìnkú sí ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ilé yìí wá ní àṣà kan. N kò sọ pé gbogbo Oǹdó ló ń ṣe é o, tinú ilé wọn ni mò ń sọ. Bí àgbà ilé bá ti mí èémí ìkẹyìn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ọmọ odó sókè nínú ọgbà wọn títí wọn yóò fi sin ín. Màmá Kìtán, àbúrò olóògbé, tó jẹ́ àgbà obìnrin ilé, ló jáde fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Ẹ dojú odó délẹ̀," ló wí. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gún nǹkan kan mọ́ ẹ̀gbọ́n mi lórí."

Wọ́n dojú odó méjèèjì délẹ̀. Iṣẹ́ dúró fún Fọlákẹ́mi, ó dúró fún Bísọ́dún náà. Èbà àti ẹ̀kọ ni wọ́n fi ń gbàlejò.

Abọ́ ni Fọlákẹ́mi ń fọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sọ sí i lọ́kàn. Bísọ́dún kò nílò odó. Nínú àwọn méjèèjì tó ń ta iyán nínú ilé náà, òun nìkan ló lè ta iyán lọ́sẹ̀ yìí. Bí iyán rẹ̀ bá wá jáde lójú gbogbo ẹbí nígbà tí odó ṣì dojú délẹ̀, kí ló máa sọ? Bó bá ní òun gún un, ó ti tẹ òkú mọ́lẹ̀. Bó bá ní òun ò gún un, ó ti jẹ́wọ́ pé olè ni òun. Kò sí ibi tó lè gbà.

Ara Fọlákẹ́mi yá gágá bí ẹni mu ọtí.

Sherifat kan wà tó gba ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé, ó ń ta káàdì ìpè àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ọmọ Àkúrẹ́ ni, kò tíì pẹ́ tó dé ibẹ̀, kò mọ ọ̀rọ̀ odó rárá. Fọlákẹ́mi lọ bá a.

"Sherifat, bá mi pe Ìyá Ìbùkún. Sọ fún un pé o máa gbàlejò láti Àkúrẹ́ lọ́jọ́bọ̀, pé iyán ni wọ́n fẹ́ jẹ."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Ìyá Ànú? Ṣé ẹ ò lè pè é ni?"

"O mọ̀ pé àárín wa ò gún. Bó bá mọ̀ pé ọwọ́ mi ló ti wá, kò ní gbà. Oore ni mo fẹ́ ṣe fún un, ọjà rẹ̀ ti dúró."

"Ẹ mà láàánú o," ni Sherifat wí. Ó sì pè é.

Ó padà wá jíṣẹ́. "Ó gbà o. Ó kọ́kọ́ ń ṣe kámi-kàmì-kámi, ó ní àwọn ń ṣọ̀fọ̀. Ó ní òun á gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ṣùgbọ́n kí n má jẹ̀ẹ́ kó wọ inú ilé."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Fọlákẹ́mi fèsì.

Ó yẹ kí n sọ ti ọjọ́rú fún yín, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Bísọ́dún wá bá a níbi tó ti ń fọ abọ́, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká parí ìjà yìí lẹ́yìn ìsìnkú. Mo ti ṣẹ̀ yín. Láti ìgbà tí Bàbá ti kú ni n ò ti rí oorun sùn. Ẹ jọ̀ọ́."

Fọlákẹ́mi wò ó. Ọ̀rọ̀ tó ti ń wá kiri láti ìgbà yìí nìyí, tó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó lè sáré lọ bá Sherifat kó ní kó fagi lé e. Àmọ́ kò sí ẹnìkankan níbẹ̀ tó rí i. Ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná ò tó o. Ojú gbogbo èèyàn ló ti bà á jẹ́, ojú gbogbo èèyàn náà ló fẹ́ kó ti kúnlẹ̀.

"Kò burú," ló dáhùn. Ó ń bá abọ́ fífọ̀ lọ.

Ọjọ́bọ̀ dé. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Akínlolú wá láti Àkúrẹ́ láti bá wọn kẹ́dùn, ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Oyèníyì, ló ṣíwájú. Ọ̀gbẹ́ni Fọlárìn ti bánkì náà wà níbẹ̀, torí aládùúgbò wọn ni. Àwọn àgbà ilé jókòó yí ká pálọ̀, Màmá Kìtán wà láàárín.

Fọlákẹ́mi yọjú sí ṣọ́ọ̀bù. "Sherifat, àwọn àlejò náà ti dé, inú ilé ni wọ́n wà. Gbé kúlà yẹn wọlé."

"Ìyá Ìbùkún ní kó má wọ—"

"Ẹbí ni gbogbo wa. Gbé e wá."

Ó gbé e wọlé. Fọlákẹ́mi pín abọ́, ó da ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, ó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan fún àlejò, ó ń kúnlẹ̀ bí ìyàwó rere. Ọ̀gbẹ́ni Oyèníyì tú ewé, èéfín jáde, ojú rẹ̀ là.

"Háà! Iyán Oǹdó! Ẹ ṣeun púpọ̀ o."

Màmá Kìtán yí ọrùn padà. "Kí ló pè é?"

Ìyá náà gbé ọ̀pá, ó dìde, ó wá wo inú abọ́.

"Iyán." Ohùn rẹ̀ ò ga. "Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì wọlẹ̀. Ta ló gbé ọmọ odó sókè nínú ilé yìí?"

"Èmi kọ́ o, Màmá," ni Fọlákẹ́mi wí kíákíá. "Ẹ wo kúlà. Orúkọ ẹni tó ni í wà lára rẹ̀."

Wọ́n ké sí Bísọ́dún. Ó wọlé, ó rí kúlà rẹ̀ láàárín pálọ̀.

"Ìwọ lo gún iyán yìí?"

"Rárá, Màmá. Mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí, n ò fọwọ́ kan odó."

"Ó wá jábọ́ láti òkè ni?"

Bísọ́dún wo ọkọ rẹ̀. Ó wo àwọn àlejò. Ó wo Ọ̀gbẹ́ni Fọlárìn, ó sì kúnlẹ̀.

"Póńdò ni, Màmá. Mo rò ó ni."

Fọlárìn dìde dúró. "Póńdò? Èyí tí mò ń rà lọ́wọ́ rẹ lójoojúmọ́ ńkọ́?"

"Òun náà ni, sà."

"Irọ́ ni! Mo máa ń dúró lẹ́yìn ọgbà. Mo máa ń gbọ́ odó!"

"Èèpo gbàgùdá ni, sà. Ti ewúrẹ́."

Ẹnìkan pa ẹ̀rín lẹ́yìn. Òmíràn tẹ̀ lé e. Nínú ilé ọ̀fọ̀, pálọ̀ gba ẹ̀rín kan. Akínbọ̀wálé fi ọwọ́ bo ojú. Omijé ń dà lójú Bísọ́dún, imú rẹ̀ náà ń dà, kò sì rí ìborùn fi nù ún.

Fọlákẹ́mi ní kò sí nǹkan tó dùn mọ́ òun tó bẹ́ẹ̀ rí láyé òun, kódà ọjọ́ ìgbéyàwó òun ò tó o. Bó bá ti pa ẹnu mọ́ ni, bóyá ibẹ̀ ni ì bá parí sí. Kò lè pa á mọ́.

"Ọ̀gbẹ́ni Fọlárìn!" ló ké. Ó na apá méjèèjì jáde. "Ẹ wò ó! Apá mi ti san o!"

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Màmá Kìtán ò wo Bísọ́dún mọ́.

"Ìyàwó," ló wí fún Bísọ́dún láìyí ojú kúrò lára Fọlákẹ́mi, "ta ló ní kí o gbé iyán wá lọ́sẹ̀ tí odó dojú délẹ̀?"

"Sherifat ni, Màmá."

Sherifat ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó fò sẹ́yìn. "Èmi kẹ̀? Áà, ẹ má kó bá mi o! Ìyá Ànú ló ní kí n pè é! Àwọn náà ló ní kí n gbé kúlà wọlé. Wọ́n ní oore ni!"

Gbogbo orí yí sí ọ̀dọ̀ Fọlákẹ́mi. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Fọlákẹ́mi, ìwọ lo sọ fún mi pé póńdò ni. O ti mọ̀."

"Ó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí!" Ohùn rẹ̀ ti ya. "Ẹ ò bi í léèrè ohun tó fi ṣe mí? Iṣẹ́ mi ló gbà! Ó ní mo ya aláìsàn!"

"A máa bi í," ni Màmá Kìtán wí. "Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ò ṣòro, irọ́ ló pa kó lè jẹun. Ká ní o wá bá mi lọ́jọ́ tó ṣe ọ́, ìkúnlẹ̀ ni ì bá wà títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Ìwọ ńkọ́? O fi òkú ẹ̀gbọ́n mi dẹ pàkúté. O tún fi ìkúnlẹ̀ gbé e fún àlejò."

Ìyá náà ní kí wọ́n kó abọ́ kúrò. Kò tún bá Fọlákẹ́mi sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi sin Bàbá.

Fọlákẹ́mi kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó ní ohun tí òun ń dúró dè ni kí Bísọ́dún kógbá sílé, kí àwọn oníbàárà wá máa wá òun bọ̀. Ta ló máa jẹ irọ́ nígbà tí òótọ́ wà?

Ẹ wá gbọ́ ohun tí Bísọ́dún ṣe. Ó ra ọ̀dà, ó kọ ọ́ sára kúlà: PÓŃDÒ NI O. Ó tún dín owó kù. Àwọn èèyàn rí i, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì rà á. Lọ́dún tí iṣu di góòlù, ta ló ń ṣe fáàrí? Kò gún èèpo mọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àwọn oníbàárà, ó ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rín yẹn dun Fọlákẹ́mi ju ìwà ọ̀dàlẹ̀ rẹ̀ lọ.

Fọlákẹ́mi gún iyán tó dán, ó gbé e lọ sí bánkì. Fọlárìn jáde wá bá a lẹ́nu ọ̀nà, kò ní kó wọlé.

"Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e wá mọ́."

"Ṣé kò dára ni?"

"Ó dára. Ẹ̀rù yín ló ń bà mí."

"Kí ni mo ṣe yín?"

"Ẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n Bísọ́dún sọ fún wa pé òun kúnlẹ̀ bẹ̀ yín lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ sì ní kò burú. Ṣé òótọ́ ni?"

Fọlákẹ́mi tún ìdérí kúlà rẹ̀ dé.

"Bí mo bá ṣẹ̀ yín lọ́la láìmọ̀, ẹ máa ní kò burú náà nìyẹn. Ẹ máa kúnlẹ̀, ẹ máa gbé oúnjẹ fún mi. Báwo ni màá ṣe mọ ohun tó wà níbẹ̀?"

Àwọn mẹkáníìkì kò tiẹ̀ sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n kàn ní àwọn ti yó. Oníṣọ́ọ̀bù kan gba tirẹ̀, ó dúpẹ́, Fọlákẹ́mi sì bojú wẹ̀yìn, ó rí i tó ń gbé e fún ajá. Iyán Ìta-Ògbólú, tí kò ní kókó kan ṣoṣo! Ó gbé kúlà kalẹ̀ lójú títì, ó sunkún.

Wọ́n kúrò ní Oǹdó. Owó oṣù ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀, wọ́n gba yàrá kan ní Òkè-Àró ní Àkúrẹ́. Kò tún sọ̀rọ̀ òwò mọ́, oúnjẹ inú ilé nìkan ló ń sè.

Mo bi í pé ṣé ó kábàámọ̀. Ó ní bí òun bá rántí imú Bísọ́dún tó ń dà láàárín pálọ̀, ó ṣì máa ń dùn mọ́ òun títí di òní. Ó ní kí n kọ ìyẹn náà. Mo ti kọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé irú rẹ̀ sínú kiri, tí ẹ ń sọ pé kò burú, ẹ̀yin ni mo ń bá wí.

Ó wá sọ ìdí tó fi wá bá mi.

Àkúrẹ́ níbẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó ti rẹ òun, pé òun máa jẹun tó bá yá. Á ní òun ti jẹ búrẹ́dì lọ́fíìsì. Á gbé abọ́ síbẹ̀ títí yóò fi tutù. Lọ́jọ́ kan, Fọlákẹ́mi ń bọ̀ láti ọjà, ó rí i lórí bẹ́ǹṣì oníẹ̀wà ní ìkòríta, ó tẹ̀ mọ́ abọ́, ó ń jẹun bí ẹni tí kò rí oúnjẹ látàárọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó jókòó tì í.

"Bàbá Ànú, kí ni mo fi ṣe yín?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Ṣé ẹ rò pé mo lè fi nǹkan sínú oúnjẹ yín ni? Èmi?"

"N ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ jẹ ẹ́ nígbà náà. Ẹ jẹ ẹ́ kí n rí i."

Akínlolú wo oúnjẹ náà. Ó wo ìyàwó rẹ̀, kò bínú, ojú rẹ̀ kàn rẹ̀wẹ̀sì. Ó rọra ti abọ́ náà padà sí iwájú obìnrin náà lórí tábìlì.

"Kọ́kọ́ tọ́ ọ wò," ló wí.

Fọlákẹ́mi wẹ ọwọ́. Ó bu òkèlè, ó kì í bọ ọbẹ̀, ó gbé e mì. Akínlolú ń wo ọ̀fun rẹ̀ títí ó fi sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ló fa abọ́ mọ́ra, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń jẹun nínú ilé náà títí di òní yìí.